Ìlù Tí A Lè Tú Wò

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní Ẹdẹ, lórí ìdí tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń yan ètò ìṣísílẹ̀ ju ètò àtìpa lọ

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá sọ fún mi pé èmi ni ọ̀rọ̀ oṣù yìí kàn, ó rò pé èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí oríkì, tàbí lórí ìlò ohùn nínú orin ìjọ, nítorí pé ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ṣé kò ṣe pé ẹ ṣì í pè?" N kò ṣì í pè. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Bí mo bá parí tán, ẹ óò rí i pé orí ọ̀rọ̀ èdè wa náà ni mo ṣì wà.

Ohun tí ó fà á nìyí. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mo jẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wa, a kò rí ọ̀nà tí a lè gbà fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ lẹ́tà. Oníṣòwò kan wá, ó ta ètò kan fún wa pẹ̀lú oríṣi lẹ́tà tirẹ̀, èyí tí ó lè kọ ẹ, ọ àti ṣ, tí ó sì lè fi àmì ohùn lé wọn lórí. Inú mi dùn púpọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni mo fi kọ iṣẹ́ mi sínú rẹ̀: àlàyé gírámà, ìbéèrè ìdánwò, ìwàásù, àti ìtàn abúlé tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó tí púpọ̀ nínú wọn kò sí láyé mọ́. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ wa gbó, a sì ra tuntun. Mo ṣí ìwé mi lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí ni àmì dọ́là, àmì ìdá ọgọ́rùn-ún, àkámọ́, àti àpótí kékeré òfìfo níbi tí ẹ àti ọ yẹ kí ó wà. Mo wá oníṣòwò náà lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ètò náà ti kógbá sílé, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí wọ́n ti ṣe é. Rìsíìtì owó tí mo san ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di òní, ṣùgbọ́n ohun tí mo rà kò sí.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, tí ó sì ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Èkó, wá kí mi ní àkókò Kérésìmesì. Mo fi àjálù náà hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ìlù tí a kò gbọ́dọ̀ tú ni wọ́n tà fún yín." Gbólóhùn yìí bá mi sùn lóru ọjọ́ náà, òun ni ó sì gbé mi dé iwájú yín.

Ní Ẹdẹ níhìn-ín, èmi kò ní láti ṣàlàyé ìlù. Ìlú tí Tìmì Adétóyèṣe Làóyè jọba lé lórí láti 1946 títí di 1975, ọba tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tí ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá kí ayé lè kà á, mọ̀ pé bí awọ bá ya, onílù yóò tú u, yóò fi òmíràn rọ́pò. Bí ọṣán bá dẹ̀, yóò fà á le. Bí ohùn rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò máa tún un ṣe títí yóò fi sọ ohun tí ó fẹ́ kí ó sọ. Ẹ jẹ́ kí a wá rò ó pé ẹnì kan ta dùndún fún onílù, ó sì wí pé: "Ìlù nìyí, máa lù ú, ṣùgbọ́n o kò gbọ́dọ̀ tú u, o kò gbọ́dọ̀ wo inú rẹ̀, o kò gbọ́dọ̀ yá ẹlòmíràn. Bí awọ bá ya, ọ̀dọ̀ èmi nìkan ni kí o gbé e wá. Bí mo bá sì kú, ìlù kú." Ọmọ Àyàn wo ni yóò ra irú ìlù bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ènìyàn ni ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tí ó sì fi ń kọ ọ́ jẹ́ èyí tí ènìyàn mìíràn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lè kà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ka lẹ́tà. Àkọsílẹ̀ yìí ni a ń pè ní orísun ètò. Lẹ́yìn èyí ni a óò yí i padà sí ohun tí ẹ̀rọ nìkan lè lóye. Ẹni tí ó bá ta ètò àtìpa fún yín, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó tà. Orísun wà nínú àpótí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ètò ìṣísílẹ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní open source, a máa gbé orísun náà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí ó wí pé kí ẹnikẹ́ni lò ó, kí ó kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé ètò náà di ohun tí kò ní bàbá: orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Agbára láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni ó yọ̀ǹda.

Orí ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé jáde ni ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1980, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí à ń pè ní MIT ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Xerox fún àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ní ẹ̀rọ kan tí bébà a máa há sí lọ́fun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Richard Stallman, ti tún ètò ẹ̀rọ ti àtijọ́ ṣe rí, kí ó lè máa kéde fún àwọn tí ń dúró dè é pé bébà ti há. Ó fẹ́ ṣe bákan náà fún tuntun, ṣùgbọ́n kò rí orísun rẹ̀. Ẹni tí ó sì ní i lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sọ fún un pé òun ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ohun kékeré ni lójú ẹlòmíràn. Lójú rẹ̀, kì í ṣe kékeré. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1983, ó kéde pé òun yóò kọ odidi ètò kan tí ó ṣí sílẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ó pè é ní GNU. Ní 1989, ó gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá gba ètò náà, tí ó tún un ṣe, tí ó sì pín in fún ẹlòmíràn, ó di dandan kí òun náà fi orísun tirẹ̀ lélẹ̀. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógún kan ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ètò tí a wá ń pè ní Linux. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ Stallman. Fóònù Android tí ó wà nínú àpò agbádá púpọ̀ nínú yín nísinsìnyí, orí Linux ni ó jókòó lé. Láti Oṣù Kọkànlá 2017, kọ̀ǹpútà 500 tí ó lágbára jù lọ ní gbogbo ayé, orí rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́.

Mo bi ọmọ mi yìí léèrè pé, "Kí ni ẹ̀yin akọ-ètò ń rí nínú rẹ̀? Ṣé nítorí pé ọ̀fẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ṣáájú. Owó náà kò sì kéré. Dọ́là ni a fi ń san ọ̀pọ̀ ètò àtìpa, lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Nígbà tí Báńkì Àgbà ilẹ̀ wa jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà ní Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà ní owó ìjọba. Kí Oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Ọ̀dọ́ tí ń gba owó iṣẹ́ ní náírà, tí ó sì ń san owó ètò ní dọ́là, ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ohun tí ó fi sí ipò kìíní ni pé kí irinṣẹ́ òun má baà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ lójijì. Ó wá pa ìtàn kan fún mi. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jọ kọ, tí wọn kò sì sí ní ojú kan náà, ó ń fẹ́ ètò tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí olúkúlùkù yí padà. Láti 2002, Torvalds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo ètò àtìpa kan fún èyí, BitKeeper. Ẹni tí ó ni ín kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan nínú wọn ń kìlọ̀ pé ohun tí a fi fún ni láìfún ni ní orísun rẹ̀ lè padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹ kò rí i bí? Ní Oṣù Kẹrin 2005, aáwọ̀ ṣẹlẹ̀: ẹnì kan láàrin àwọn onímọ̀ ìṣísílẹ̀ ń wádìí ọ̀nà tí ètò náà ń gbà sọ̀rọ̀, inú olówó rẹ̀ kò sì dùn, ó gba ètò rẹ̀ padà. Iṣẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń jọ ṣe káàkiri ayé kò ní ibi tí yóò fi ẹ̀yìn tì mọ́. Torvalds pa ohun gbogbo tì, ó jókòó, láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó kọ òmíràn, ó pè é ní Git, ó sì ṣí i sílẹ̀. Git yìí ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn akọ-ètò ayé ń lò lónìí. Ọmọ náà ní, "Bàbá, láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ìlù onílù ti ń bà wá."

Ẹ wá wo bí ọ̀ràn ti rí nígbà tí orísun ti wà níta. Ètò ìkọ̀wé kan wà tí ń jẹ́ OpenOffice, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Sun. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn tí ń kọ ètò náà kò mọ ohun tí olówó tuntun yóò fi ṣe. Kí ni wọ́n ṣe? Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó orísun tí ìwé àṣẹ ti fi fún wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní LibreOffice. Kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mò ń kà fún yín yìí, òun ni mo fi kọ ọ́.

Ìdí mìíràn wà tí ó wọ èmi olùkọ́ lára ju ìyókù lọ. Ta ni nínú wa tí ó kọ́ iṣẹ́ láìwo ọwọ́ ọ̀gá? Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ híhun a jókòó ti ọ̀gá, a máa wo bí òwú ti ń wọ inú òwú. Àwọn akọ-ètò lè ka iṣẹ́ ọ̀gá tí wọn kò rí rí, tí ó wà ní Finland tàbí ní Ìbàdàn, láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn. Wọ́n lè rí ibi tí ó ti ṣe àṣìṣe àti bí ó ti tún un ṣe. Ọmọ tí mò ń wí yìí, nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ wa, kò ní owó íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ pé ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ti gbé ètò kan jáde láti 2004 tí ó ń jẹ́ Ubuntu, àti pé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè; wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 2011. Ó béèrè, síídì sì dé sí àpótí lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo rántí àpòòwé náà, nítorí pé èmi ni mo bá a wí pé kí ló dé tí ó ń fi àdírẹ́sì ilé ìwé gba ẹrù láti òkè òkun. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kérésìmesì yìí.

Ẹni tí ó bá tún ètò ìṣísílẹ̀ ṣe, orúkọ rẹ̀ a wà nínú àkọsílẹ̀, ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Jámánì a sì lè lọ ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó pè é. Fún ọmọ tí kò ní bàbá tí yóò bá a kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, ohun ńlá nìyẹn. Ní 2018, àwọn ọ̀dọ́ méjì ilẹ̀ wa, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom, dá ẹgbẹ́ Open Source Community Africa sílẹ̀ láti kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ. Ní Oṣù Kejì 2020, wọ́n ṣe àpèjọ ńlá ní Èkó.

Ẹnì kan yóò bi mí pé àwọn ọlọ́rọ̀ ńkọ́, ta ni ń fi ohun tí ó lè tà tọrẹ? Ẹ rántí ọ̀nà oko. Àgbẹ̀ tí ó ní kòkó ogún sarè àti èyí tí ó ní ẹyọ kan, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lọ sí oko. Olówó kò ní jókòó sílé ní ọjọ́ tí a bá ń ro ọ̀nà, nítorí pé ẹrù tirẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ ńlá ń jẹ èrè lórí ohun tí ó wà ní òpin ọ̀nà, kì í ṣe lórí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ní 2001, Steve Ballmer, ọ̀gá àgbà Microsoft, fi Linux wé àrùn jẹjẹrẹ. Ní 2018, Microsoft kan náà san dọ́là bílíọ̀nù 7.5 láti ra GitHub, ilé tí àwọn akọ-ètò ìṣísílẹ̀ ń kó iṣẹ́ wọn sí jù lọ. Èmi kò gbà pé ọkàn wọn yí padà. Ojú wọn ni ó là.

Mo wá padà sílé. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí ó sì fi gírámà kún un ní 1852, kò tì í mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kà á, wọ́n jiyàn lé e, wọ́n sì péjọ sí Èkó ní 1875 láti ṣe àtúnṣe ọ̀nà ìkọ̀wé. Bí Crowther bá ti ilẹ̀kùn, èdè wa ì bá dúró sí ibi tí ó dúró sí. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ ti ní ìjókòó nínú ètò lẹ́tà ayé tí à ń pè ní Unicode. Àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n, a sì jọ ń jẹ àǹfààní wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, kò sí ìjókòó kan ṣoṣo fún àpapọ̀ wọn. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ to àmì lé lẹ́tà, oríṣi lẹ́tà tí a kò bá ṣe dáradára a sì gbé àmì náà sí ibi tí kò yẹ, bí fìlà tí ó ti bọ́ sí èjìká. Oníṣòwò kò rí èrè ńlá nínú títún èyí ṣe, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ta ni ó tún un ṣe? Ẹgbẹ́ SIL, tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin ará ìjọ mọ̀ nítorí iṣẹ́ èdè àti ìtumọ̀ Bíbélì, ṣe oríṣi lẹ́tà Gentium, Charis àti Doulos, wọ́n sì ṣí wọn sílẹ̀. Kìíbọ́ọ̀dù Keyman, tí a fi ń tẹ èdè púpọ̀, ètò títà ni tẹ́lẹ̀. SIL gbà á ní 2015, lẹ́yìn èyí wọ́n ṣí i. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi orísun rẹ̀ síta, kí ẹ̀yà mìíràn tí ó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ fún orúkọ tirẹ̀ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìpìlẹ̀. Ní 2018, Iroro Orife gbé ètò kan jáde, tòun ti orísun, tí ó ń fi àmì ohùn sórí Yorùbá tí a kọ láìfi àmì sí. Láti 2019 ni àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ káàkiri Áfíríkà ti ń jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ Masakhane, kí ẹ̀rọ lè máa túmọ̀ èdè wa. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó ní láti kọ lẹ́tà sí òkè òkun kí ó tó fi ọwọ́ kan èdè bàbá rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀nà jíjìn ni. Ní ìlú yìí, ní Yunifásítì Redeemer's, ibùdó kan wà tí à ń pè ní ACEGID ní 2020, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi sì jẹ́ aṣíwájú rẹ̀ nígbà náà. Ní Oṣù Kẹta 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni a ti ka àkọsílẹ̀ inú kòkòrò àrùn náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, a sì fi í síta fún ayé. Irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀, níbikíbi tí a bá ti ń ṣe é láyé, ètò ìṣísílẹ̀ ni ó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ ró: BWA àti samtools, tí wọ́n ti wà níta láti 2009, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ó wà ní Ẹdẹ àti fún ẹni tí ó wà ní Boston. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àṣẹ ni a ń dúró dè, àrùn kì í dúró.

Èmi kò wí pé ètò ìṣísílẹ̀ kò ní àbùkù. Ní Oṣù Kẹrin 2014, a rí ihò ńlá kan nínú OpenSSL, ètò tí ń bo àṣírí yín nígbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ihò náà ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjì, ojú gbogbo ayé sì wà lára rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ tọ́jú ètò tí àwọn báńkì ayé ń fi ẹ̀yìn tì. Ohun tí a ní kí gbogbo ènìyàn máa wò, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń wò ó. Èyí tí ó burú jù ni ti 2024. Ètò kékeré kan, xz, ẹnì kan ni ó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá ràn án lọ́wọ́. Ó fi ohun tí ó ju ọdún méjì lọ ṣiṣẹ́ dáradára títí a fi fọkàn tán an, lẹ́yìn náà ni ó gbé ìlẹ̀kùn àṣírí sínú ilé náà. Ọpẹ́lọpẹ́ Andres Freund, tí ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ òun ń fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ jù kí ó tó jẹ́ kí ènìyàn wọlé. Ó tú ìlù náà, ó wo inú rẹ̀, ó sì ké gbàjarè ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹta. Ìṣísílẹ̀ ni ó jẹ́ kí olè rí ọ̀nà wọlé; òun náà ni ó jẹ́ kí a mú un.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò wá bú ẹni tí ń ta ètò àtìpa. Oníṣirò owó àti ayàwòrán ilé mọ àwọn tí ó dára nínú wọn, ẹni tí ó bá sì san owó ní ẹni tí yóò pè ní òru. Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́ tí ó yẹ kí oníwàásù sọ: púpọ̀ nínú ètò àtìpa tí ó wà ní ọ́fíìsì wa, jíjí ni a jí i. A ti jí ìlù tán, a kò sì lè tú u.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ìwé mi. Ọmọ náà lo alẹ́ mẹ́ta nílé mi. Èmi ń sọ fún un pé àmì dọ́là ni ọ, àmì ìdá ọgọ́rùn-ún ni ẹ. Òun ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Python, èdè ètò tí ó ṣí sílẹ̀, títí ó fi rí ètò kékeré kan tí ń yí àmì àtijọ́ padà sí lẹ́tà tòótọ́. Gírámà padà. Ìdánwò padà. Ìwàásù padà, àwọn kan tí n kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe ètò àtìpa náà ti fún àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ní àpótí òfìfo kan náà ní àwọn ibì kan, ẹ̀rọ kò sì lè mọ èwo ni èwo. Ní ibi tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, mo mọ̀ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀. Irú ètò Orife náà lè mọ̀ ọ́n. Ní ibi tí ó jẹ́ orúkọ abúlé àti orúkọ odò tí kò sí nínú ìwé ẹlòmíràn, èmi pàápàá kò mọ̀ mọ́. Mo gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn arúgbó nígbà náà, mo sì kọ wọ́n bí mo ti gbọ́ wọn. Àwọn tí ó sọ wọ́n fún mi ti lọ.

Orúkọ mọ́kànlá ni ó kù bẹ́ẹ̀, láti agbègbè ìlú yìí títí dé etí odò Ọ̀ṣun. Mo ti kọ wọ́n sórí bébà láìfi àmì ohùn sí wọn, bébà náà sì wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹ̀yin olóyè tí oko bàbá yín wà ní ìhà ibẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó lọ, ẹ pè wọ́n sí mi létí. Ètò kékeré tí ọmọ náà kọ wà níta pẹ̀lú orísun rẹ̀. Ẹni tí irú àjálù mi bá ti bá ìwé rẹ̀, kí ó gbé e wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọjọ́ Sátidé, a óò jọ tú u wò.